Virginia Apgar: Obìnrin tó ní kí wọ́n wo ọmọ kí ìṣẹ́jú kan tó kọjá

Bí obìnrin bá bímọ lónìí nílé ìwòsàn ìjọba ní Ìsarà Rẹ́mọ, tàbí ní Ìpẹrù, tàbí nílé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nábánjọ tó wà ní Ṣágámù, ohun tí àwọn ẹbí tó dúró síta ń fẹ́ mọ̀ kì í ju méjì lọ: ṣé ìyá àti ọmọ wà láàyè, àti pé akọ ni àbí abo. Ṣùgbọ́n nínú yàrá ìgbẹ̀bí lọ́hùn-ún, kí ẹnikẹ́ni tó jáde wá dá wọn lóhùn, agbẹ̀bí ti wo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì ti fún un ní máàkì, bí ìgbà tí tíṣà ń fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní máàkì. Mẹ́wàá ni gbogbo máàkì ọ̀hún. Bí ẹ bá rí ìwé tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ ọmọ sí lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ẹ ó rí i níbi tí wọ́n kọ Apgar sí, tí wọ́n sì kọ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án síwájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ni kì í béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Àyọ̀ ọmọ ti gbà wọ́n lọ́kàn, wọn kò sì jẹ̀bi.

Orúkọ ènìyàn ni. Orúkọ obìnrin ará Amẹ́ríkà kan ni, tí kò lọ́kọ, tí kò sì bímọ títí tó fi kú. Èyí tó tilẹ̀ yani lẹ́nu jù ni pé kì í ṣe agbẹ̀bí, kì í sì í ṣe dókítà àwọn ọmọdé. Iṣẹ́ kíkun aláìsàn lóorun kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ni iṣẹ́ tó kọ́, òun náà ló sì gbé e dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò rò.

Ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa ná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni dókítà akunilóorun máa ń gún fún aláìsàn, tí yóò sì lọ jókòó títí iṣẹ́ abẹ yóò fi parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oògùn tó ń kunni lóorun, ẹ̀bá ikú ló ń gbà kọjá. Bó bá kéré, aláìsàn yóò máa mọ ìrora ọ̀bẹ. Bó bá pọ̀ jù, mímí yóò dúró, ọkàn yóò sì tẹ̀lé e. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ náà fi dúró lórí oògùn tó yẹ, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fún ènìyàn ní afẹ́fẹ́, àti ojú tí kì í kúrò lára aláìsàn. Oògùn ṣe é rà, irinṣẹ́ náà ṣe é rà bí owó bá wà. Ojú yẹn ni kò sí lọ́jà.

Láti ọdún 1846 tí William Morton ti fi ether kun aláìsàn kan lóorun ní gbangba nílùú Boston, oògùn ló ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 1847, James Simpson gbé chloroform wọ yàrá ìgbẹ̀bí nílùú Edinburgh. Ní 1853, Ọbabìnrin Victoria ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ gba chloroform nígbà tó ń bí ọmọ rẹ̀ Leopold. John Snow ni dókítà tó fún un. Láti ìgbà náà ni àwọn obìnrin tó lówó lọ́wọ́ ti ń béèrè ohun tí yóò mú ìrora ìrọbí rọlẹ̀, wọ́n sì ń rí i gbà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló dúró béèrè ohun tí oògùn tí ìyá fà símú ń ṣe fún ọmọ tó wà nínú rẹ̀. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ni ìbéèrè yẹn fi wà nílẹ̀ kí Virginia Apgar tó gbé e.

Ọjọ́ keje, oṣù kẹfà, ọdún 1909 ni wọ́n bí i ní Westfield, ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Òun ni àbígbẹ̀yìn nínú ọmọ mẹ́ta. Iṣẹ́ adójútòfò ni bàbá rẹ̀, Charles Apgar, fi ń jẹun, ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ràn kò sí ní ọ́fíìsì. Ilé ló wà. Ó máa ń wo ìràwọ̀ lóru, ó sì máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ to rédíò pọ̀. Ní 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, irinṣẹ́ tí bàbá yìí tò pọ̀ fúnra rẹ̀ ló fi gba ohùn ìsọfúnni tí àwọn ará Jámánì ń fi ránṣẹ́ láti Sayville, nítòsí New York, sílẹ̀, ó sì kó o fún ìjọba Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní ṣe háà nígbà tó bá gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ràn láti máa tú nǹkan wò.

Àìsàn kò jìnnà sí ilé náà. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin àgbà ní rèwerèwe, èkejì náà sì ń bá àìlera yí nígbà gbogbo. Kí Virginia tó parí ilé-ẹ̀kọ́ girama ló ti sọ pé dókítà lòun yóò jẹ́. Ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Mount Holyoke, ó kọ́ ìmọ̀ nípa ẹranko, owó kò sì tó. Ó gbé oúnjẹ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé oúnjẹ, ó ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé, ó sì máa ń lọ mú ológbò tó ń rìn gbéregbère kiri wá fún yàrá ìwádìí, kí wọ́n lè san owó díẹ̀ fún un. Ọdún 1929 ló parí níbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Columbia ní New York. Oṣù kan péré lẹ́yìn náà ni ọjà ìdókòwò Wall Street dojú dé, tí ìyà sì bo gbogbo Amẹ́ríkà. Ó yáwó, ó tún yáwó. Nígbà tó fi jáde ní 1933, ipò kẹrin ló wà nínú kíláàsì rẹ̀, gbèsè ọrùn rẹ̀ sì súnmọ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dọ́là. Owó ńlá ni lákòókò yẹn.

Iṣẹ́ abẹ ló fẹ́ ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn Presbyterian lábẹ́ Allen Whipple, olórí àwọn oníṣẹ́ abẹ níbẹ̀. Whipple rí i pé ó mọ iṣẹ́. Síbẹ̀ ó gbà á nímọ̀ràn pé kó fi í sílẹ̀. Àlàyé tó ṣe ni pé àwọn obìnrin tí òun ti kọ́ ṣáájú kò rí iṣẹ́ náà jẹ, nítorí àwọn aláìsàn kì í wá sọ́dọ̀ obìnrin fún iṣẹ́ abẹ, àti pé ìṣòro tó wà nílẹ̀ gan-an ni ti oògùn akunilóorun, torí oníṣẹ́ abẹ kò lè ṣe ju ohun tí ẹni tó ń kun aláìsàn lóorun bá gbà á láyè láti ṣe lọ. Bí a bá fi ojú òní wò ó, ìrẹ́jẹ ni ìdajì àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Òótọ́ pọ́ńbélé ni ìdajì kejì. Obìnrin tó jẹ gbèsè kò sì ní ọ̀nà púpọ̀ láti yàn nínú rẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀rọ̀ obìnrin nínú iṣẹ́ ìṣègùn kò dẹrùn níbikíbi nígbà náà. Elizabeth Abímbọ́lá Awóliyì, tí wọ́n bí l'Ékòó ní 1910, ọdún kan péré lẹ́yìn Apgar, ní láti lọ sí Dublin kó tó lè di dókítà. Ọdún 1938 ló yege, tó padà wálé, tó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú àwọn aláboyún ní Massey Street. Ọdún 1938 yẹn náà ni Apgar di olórí ẹ̀ka akunilóorun ní Presbyterian. Àwọn méjèèjì kò mọra, ṣùgbọ́n òjò kan náà ló pa wọ́n.

Kó tó di olórí, ó ní láti kọ́ṣẹ́ tuntun. Nọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kun aláìsàn lóorun ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn, ọ̀dọ̀ wọn ló sì ti kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ní 1937 ó lọ sí Madison ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, sọ́dọ̀ Ralph Waters, ọ̀gá àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà. Wọn kò pèsè ibùgbé kankan fún dókítà tó jẹ́ obìnrin níbẹ̀. Ibi tó ń sùn kò dúró sójú kan, ṣe ló ń kó ẹrù kiri. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó lọ sọ́dọ̀ Emery Rovenstine ní Bellevue, ní New York, kó tó padà sílé ìwòsàn tó ti kúrò.

Ipò olórí tí wọ́n fún un yẹn, orúkọ ló pọ̀ nínú rẹ̀ ju agbára lọ. Àwọn oníṣẹ́ abẹ kò gbà pé dókítà ni akunilóorun bíi tiwọn. Ìránṣẹ́ wọn ni wọ́n kà á sí. Owó kò tó, òṣìṣẹ́ kò tó, ogun Hitler tún kó púpọ̀ nínú àwọn dókítà lọ. Fún ọdún mọ́kànlá ló fi kọ́ ẹ̀ka náà, tó gba àwọn dókítà síṣẹ́, tó sì kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tó di 1949 tí ilé-ẹ̀kọ́ náà wá sọ ẹ̀ka yìí di ẹ̀ka ńlá tó dá dúró, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Emanuel Papper ni wọ́n fi ṣe olórí. Apgar, wọ́n fi í ṣe Ọ̀jọ̀gbọ́n, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò náà nílé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ọ̀hún. Ẹ̀bùn ni, ẹ̀tàn díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ní gbangba, kì í sọ pé wọ́n ń rẹ́ obìnrin jẹ. Nínú ilé ló ti máa ń ráhùn pé owó oṣù obìnrin kò tó ti ọkùnrin.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn èyí ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí ìṣàkóso lọ́rùn rẹ̀ mọ́, ó kó lọ sí yàrá ìgbẹ̀bí ní Sloane, ilé ìwòsàn àwọn obìnrin tó wà lára Presbyterian, ó ní ibẹ̀ lòun yóò ti máa ṣiṣẹ́ akunilóorun.

Nílẹ̀ wa níhìn-ín, bí ọmọ bá kú lọ́wọ́ ìbí tí ìyá sì yè, àwọn àgbà máa ń tu ìyá nínú pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, ó sì dára fún ọkàn tó gbọgbẹ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà kò mọ òwe náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú yàrá ìgbẹ̀bí wọn nígbà náà, àfi bíi pé òun ni wọ́n ń tẹ̀lé. Bí ọmọ bá ti jáde, ìyá ni gbogbo dókítà yóò dojú kọ: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, olóbì tí kò tíì jáde, ojú ọgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ rán. Nọ́ọ̀sì kan ni yóò gbé ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ó bá ké, ó dáa. Bí ó bá kéré jù, tí ó dúdú bí aró, tí kò sì mí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé òkú ni wọ́n bí. Iye àwọn ọmọ ọwọ́ tó ń kú ní Amẹ́ríkà ń dín kù lápapọ̀ láti 1930 wá, ṣùgbọ́n iye àwọn tó ń kú láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún tí wọ́n bí wọn kò yí padà. Ibi tí Apgar tẹjú mọ́ nìyẹn.

Wọ́n ní lọ́jọ́ kan ní 1949, níbi tí wọ́n ti ń jẹun àárọ̀ nílé oúnjẹ ilé ìwòsàn, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan bi í léèrè bí ènìyàn ṣe lè mọ bí ara ọmọ tuntun ṣe rí. Ó ní kò le, ó fa ìwé pélébé kan tó sún mọ́ ọn, ó kọ nǹkan márùn-ún sí i, ó sì dìde, ó gba yàrá ìgbẹ̀bí lọ láti lọ dán an wò. Inú mi dùn sí ibi tó dìde yẹn. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ló ti parí sí orí tábìlì oúnjẹ.

Nǹkan márùn-ún náà nìyí bí agbẹ̀bí ṣe ń wò wọ́n títí dòní. Bí aago bá ti pé ìṣẹ́jú kan tí ọmọ jáde tán, yóò gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, tàbí kó fi ọwọ́ kan ìdí ìwọ́ rẹ̀: bí kò bá lù rárá, òdo ni, bí kò bá tó ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú kan, máàkì kan, bó bá ju ọgọ́rùn-ún lọ, máàkì méjì. Yóò wo mímí rẹ̀. Ọmọ tó ké fáyé gbọ́ ti gba méjì, èyí tó ń mí ségesège gba ẹyọ kan. Yóò wò ó bóyá ó ká apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tó sì ń yí wọn, tàbí ó rọ̀ bí aṣọ tútù. Yóò fi nǹkan tọ́ imú rẹ̀ tàbí kó gbá a ní àtẹ́lẹsẹ̀ fẹ́rẹ́, kó mọ̀ bóyá yóò sín, tàbí yóò kàn fajú ro, tàbí kò ní ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni yóò wo àwọ̀ ara rẹ̀. Ó pin. Kò gba iná mànàmáná, kò gba ẹ̀rọ. Etí, ojú, ọwọ́ àti aago ló gbà.

Ọgbọ́n kan tún wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn kì í kà kún. Apgar kò fẹ́ kí ẹni tó gbẹ̀bí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò fún un ní máàkì, torí kò sí ẹni tí kò ní fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ òun dára lójú. Ẹlòmíràn ni kó ṣe é. Kò sì pẹ́ tí àwọn dókítà fi bẹ̀rẹ̀ sí bára wọn du máàkì, olúkúlùkù ń fẹ́ kí ọmọ tòun gba mẹ́sàn-án, mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí wọn kì í wò tẹ́lẹ̀ ṣe di ẹni àpéwò.

Ní 1952 ló ka ìwádìí náà fún àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, ní 1953 ló jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn akunilóorun. Ó ju ẹgbẹ̀rún kan ọmọ lọ tí wọ́n ti fún ní máàkì nígbà náà. Nínú àwọn tí máàkì wọn kò ju méjì lọ, mẹ́rìnlá ló kú nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn tó gba mẹ́jọ sókè, kò tó ẹyọ kan nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Nígbà tó fi di 1958, ó ti kó ti ọmọ 15,348 jọ, ìtàn náà kò sì yí padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lè sọ pé máàkì nìkan kò gba ẹnikẹ́ni là. Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó tẹ̀lé máàkì ni. Dókítà Stanley James, tó wá láti New Zealand, àti Duncan Holaday bá Apgar ṣiṣẹ́, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ nínú ìwọ́ àwọn ọmọ tuntun wò. Èrò àwọn dókítà tẹ́lẹ̀ ni pé kí ọ́síjìn kéré nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun jẹ́ ohun tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn. Ìwádìí wọn fi hàn pé irọ́ ni. Ọmọ tí máàkì rẹ̀ kéré, afẹ́fẹ́ ló ń wọ́n ọn, ó sì yẹ kí wọ́n ràn án lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n nu ún gbẹ, kí wọ́n mú un móoru, kí wọ́n la ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, kí wọ́n sì fi báàgì àti ìbòjú fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú.

Wọ́n sì tún rí ohun mìíràn, èyí tó dun Apgar fúnra rẹ̀. Gáàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní cyclopropane. Òun ló fẹ́ràn jù fún àwọn aboyún. Ó máa ń tètè kun ìyá lóorun, ó sì máa ń tètè dá a sílẹ̀, àléébù tó hàn sí gbogbo ayé lára rẹ̀ ni pé ó lè gbaná. Nígbà tí wọ́n wá to máàkì àwọn ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn tí ìyá wọn gbà, ó hàn pé àwọn tí ìyá wọn fa cyclopropane símú ni ara wọn rọ̀ jù, wọn kò sì mí dáadáa, yàtọ̀ sí ti àwọn tí ìyá wọn gba abẹ́rẹ́ tó ń pa ibi kan ṣoṣo lára. Gáàsì náà ń gba inú olóbì kọjá sọ́dọ̀ ọmọ. Ní 1957 ni ìwádìí yẹn jáde. Apgar kò wá àwáwí, kò sì sọ pé kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ó kí gáàsì tó fẹ́ràn pé ó dìgbà, ó sì jáwọ́ nínú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ló lè ṣe bẹ́ẹ̀, àgàgà tí ọwọ́ ara rẹ̀ ló gbé òṣùwọ̀n tó dá a lẹ́jọ́ kalẹ̀.

Láti ìgbà náà ni akunilóorun tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ń ro ti ẹni méjì bó bá ń fún aboyún ní oògùn. Ó mọ̀ pé pethidine tí wọ́n gún fún ìyá nígbà tí ìbí ti súnmọ́ lè mú kí ọmọ jáde wá pẹ̀lú oorun lójú, kí mímí sì nira fún un. Ìdí kan náà wà lára ohun tó jẹ́ kí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn gbilẹ̀ fún àwọn tó ń fi iṣẹ́ abẹ bímọ, tí ìyá á máa gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀ ní ojú ayé.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara ni mo fẹ́ kí á dúró lé lórí díẹ̀, torí ó kàn wá gan-an. Ohun tí wọ́n kọ sínú òṣùwọ̀n náà ni pé kí gbogbo ara ọmọ pọ́n kó tó gba máàkì méjì. Báwo ni ọmọ adúláwọ̀ yóò ṣe ṣe èyí? Apgar fúnra rẹ̀ ti rí i ní 1953. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé nínú àmì márààrún, àwọ̀ ni kò tẹ́ òun lọ́rùn jù lọ, ó sì mẹ́nu ba awọ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú nínú ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún wá ń ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ pé àmì yìí ń gba máàkì lọ́wọ́ àwọn ọmọ dúdú láìtọ́. Àwọn agbẹ̀bí tiwa ti ní ọ̀nà àbáyọ: ètè, ahọ́n, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ni wọ́n ń wò. Ahọ́n kì í parọ́ fún ẹ̀yà kankan.

Àwọn ẹgbẹ́ dókítà náà ti kìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi máàkì yìí sọ àsọtẹ́lẹ̀ bóyá orí ọmọ yóò pé tàbí kò ní pé. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an kọ́ nìyẹn. Wọ́n sì sọ pé ọmọ tí kò mí kì í dúró de ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó ràn án lọ́wọ́. Láàárín ìṣẹ́jú náà gan-an ni báàgì gbọ́dọ̀ ti wà lójú rẹ̀. Ìṣẹ́jú karùn-ún tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn náà ló ń fi hàn bóyá ìrànlọ́wọ́ náà ṣiṣẹ́. Mo sọ èyí nítorí pé àìrí-afẹ́fẹ́-mí nígbà ìbí ṣì wà lára ohun mẹ́ta tó ń pa ọmọ tuntun jù ní Nàìjíríà, pẹ̀lú bíbí ọmọ láìtọ́jọ́ àti kòkòrò àrùn tó ń wọ ara wọn. Ibi tí wọ́n ti kọ máàkì sínú ìwé ṣùgbọ́n tí báàgì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ sílé, kò sí ohun tí Apgar lè ṣe fún wọn.

Orúkọ rẹ̀ gan-an di ohun àwàdà nígbà tó yá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, dókítà ọmọdé kan, Joseph Butterfield, mú lẹ́tà márààrún tó wà nínú Apgar, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, àwọ̀, ìlù ọkàn àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè rántí. Wọ́n rántí lóòótọ́. Àwọn kan wá gbàgbé pé ènìyàn kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnu sì máa ń yà wọ́n bí wọ́n bá pàdé obìnrin náà lójúkojú. Ẹ̀rín ló máa ń fi rín in.

Ní 1959, ẹni àádọ́ta ọdún, ó padà sílé-ẹ̀kọ́, ó gba oyè nínú ìmọ̀ ìlera gbogbo ènìyàn ní Johns Hopkins, ó sì fi yàrá iṣẹ́ abẹ sílẹ̀ pátápátá. Àjọ March of Dimes gbà á kó máa bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù ara. Ó rin ìrìn àjò káàkiri, ó ń bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ pé kì í ṣe ohun ìtìjú, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn rubella jà ní Amẹ́ríkà ní 1964 sí 1965, tó sì ba ọ̀pọ̀ ọmọ inú jẹ́, ó wà lára àwọn tó pariwo pé kí wọ́n wá abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Ní 1972, òun àti akọ̀ròyìn kan, Joan Beck, kọ ìwé fún àwọn òbí lórí ọ̀rọ̀ àbùkù ara ọmọ.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ pé ọ̀rọ̀ máa ń yára jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà sì yá. Kì í jáde nílé láìmú ọ̀bẹ kékeré àti ọ̀pá tí wọ́n fi ń la ọ̀nà ọ̀fun dání, bóyá yóò bá ẹni tí kò lè mí pàdé lójú títì. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọkọ̀ òfúrufú fò. Láti kékeré ló ti ń ta gòjé òyìnbó, ibi orin yìí náà ló ti ṣe ohun tí kò bá ipò Ọ̀jọ̀gbọ́n mu. Carleen Hutchins, aláìsàn kan tó lọ wò kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, jẹ́ ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣe gòjé, ó sì kọ́ Apgar ní iṣẹ́ náà. Àwọn méjèèjì wá rí pákó igi dídán kan tí wọ́n fi ṣe pẹpẹ nínú àgọ́ tẹlifóònù tó wà nílé ìwòsàn náà, wọ́n sì rí i pé ẹ̀yìn gòjé ni Ọlọ́run dá igi náà fún. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, ilé ìwòsàn kò gbà. Ní òru ọjọ́ kan ní 1957, wọ́n gbé pákó mìíràn tí wọ́n ti kùn lọ́dà wá. Pákó náà gùn díẹ̀ ju ibi tó yẹ kó wọ̀ lọ. Hutchins gbé e wọ ilé ìtura àwọn obìnrin láti lọ gé e, Ọ̀jọ̀gbọ́n Apgar sì dúró síta, ó ń ṣọ́ ọ̀nà.

Àrùn ẹ̀dọ̀ ló pa á, ní ọjọ́ keje, oṣù kẹjọ, ọdún 1974, nílé ìwòsàn kan náà tó ti lo ìdajì ayé rẹ̀. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1994, ìjọba Amẹ́ríkà ya àwòrán rẹ̀ sórí sítáǹpù olówó ogún sẹ́ǹtì. Nílùú Dallas, níbi tí wọ́n ti ṣe ayẹyẹ sítáǹpù náà láàárín àwọn dókítà ọmọdé, àwọn gòjé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni wọ́n fi kọrin, pákó àgọ́ tẹlifóònù sì wà lára wọn.